Dísjọ́ńtọ̀ (ohun tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí ewu bá wà) ń já nílé wa ní Àjàṣẹ́ bí òjò bá ti rọ̀. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá èèpo wáyà ló ti bàjẹ́?

Ó ṣeé ṣe kí omi ti wọnú wáyà. Ẹ pa iná pátápátá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí iná níbẹ̀ mọ́. Ẹ yọ gílóòbù, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, torí 500 V tí megohmmeter (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn agbára èèpo wáyà) ń rán lè bà wọ́n jẹ́. Ẹ so wáyà iná àti nútrù pọ̀, kí ẹ wọ̀n wọ́n sí wáyà ilẹ̀. Fún iná ilé 230 V, iye tí megohmmeter bá kà kò gbọdọ̀ dín ní megohm 1 (òṣùwọ̀n bí èèpo ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Wáyà tuntun máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tó bá dín, ẹ wọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iná ìta àti pọ́ǹpù kànga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Multimeter kò tó o: bátìrì rẹ̀ kò lágbára tó láti tú àṣírí èèpo tó ti rẹ̀.