Ìṣẹ́jú àáyá 8: ohun tí aṣọ́lé tuntun lè fi du ipò ní kámpù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Ọmọ ogún ọdún ni mí, Iléṣà ni mo ń gbé, aṣọ́lé sì ni mí. Ẹgbẹ́ kan tó ń gbá líìgì ti pè mí sí kámpù ìgbáradì wọn kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ́lé mẹ́ta ni mo máa bá níbẹ̀, méjì nínú wọn sì ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Mo gbọ́ pé òfin dídi bọ́ọ̀lù mú ti yí padà. Mo tún gbọ́ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ kì í fẹ́ kí aṣọ́lé gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí ní Iléṣà nìyẹn. Báwo ni kí n ṣe múra, kí n lè bá àwọn àgbà wọ̀nyí du ipò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ kí n ti ibi òfin bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé àǹfààní rẹ wà. Ó ti pẹ́ tí òfin ti sọ pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ, ìjìyà rẹ̀ sì ni fíríkíìkì tí a kò lè gbá tààrà sínú ilé. Inú ìwé ni òfin náà wà. Agbára káká ni rẹfirí fi ń lò ó, torí pé fíríkíìkì nínú agbègbè pẹ́nárítì máa ń dá wàhálà sílẹ̀: gbogbo ẹgbẹ́ yóò tò sórí ìlà ojú ilé, àríyànjiyàn yóò sì gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìgbìmọ̀ IFAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1886 láti máa ṣe òfin bọ́ọ̀lù, wá yí i padà ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2025 sí 2026. Ní báyìí, ìṣẹ́jú àáyá 8 ni aṣọ́lé ní. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kọ́nà ni rẹfirí yóò fún ẹgbẹ́ kejì, láti apá tó sún mọ́ ibi tí aṣọ́lé dúró sí. Nígbà tó bá ku 5, rẹfirí yóò na ọwọ́ sókè, yóò sì máa fi ìka kà á kí gbogbo pápá lè rí i. Ìjìyà tó rọrùn láti fi jẹ ènìyàn ni rẹfirí máa ń lò, nítorí náà má ṣe rò pé èyí náà yóò sùn sínú ìwé bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ìgbà tí kíkà náà ń bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀. Kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kan ọwọ́ rẹ, bí kò ṣe ìgbà tí ó bá dá rẹfirí lójú pé o ti kápá rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó dì ọ́ lọ́wọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kejì bá dúró síwájú rẹ kí o má bàa lè jù ú, òun ló ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá mú bọ́ọ̀lù tán, tí o wá dojú bolẹ̀ lé e lórí nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, o ti ń ná àsìkò ara rẹ nìyẹn. Bákan náà, fífi bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀ tàbí jíjù ú sókè díẹ̀ kò dá kíkà dúró. Òfin ka gbogbo rẹ̀ sí pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn kan máa ń rò pé ọgbọ́n ni kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́nu ẹsẹ̀ nígbà tó bá ku ìka méjì. Òfin kò kọ̀ ọ́, àmọ́ bí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, o kò lè fi ọwọ́ gbé e mọ́ títí yóò fi kan agbábọ́ọ̀lù mìíràn, agbábọ́ọ̀lù iwájú tó bá gbọ́n yóò sì ti máa sáré bọ̀.

Wàyí o, ẹni tó ti ń ṣọ́lé láti ọdún mẹ́wàá ní ìwà kan lára tí ìwọ kò tíì ní dáadáa: yóò mú bọ́ọ̀lù, yóò rọra dìde, yóò fi ọwọ́ sún àwọn ẹlẹ́yìn rẹ̀ síwájú, yóò tún ìbọ̀wọ́ ṣe, kó tó ronú ibi tí yóò gbá a sí. Ìwà yẹn ni òfin tuntun ń bá jà. Ní ìdíje Club World Cup tí wọ́n gbá ní Amẹ́ríkà ní 2025, Ronwen Williams, aṣọ́lé Mamelodi Sundowns ti South Africa, tí kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ iṣẹ́, wà lára àwọn tí òfin yìí kọ́kọ́ mú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1992 ni wọ́n fòfin dè é pé kí aṣọ́lé fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i, gbogbo ìran àwọn Peter Rufai, ọmọ ọba Ìdímù tó ṣọ́lé fún Nàìjíríà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994 àti 1998, sì ní láti tún ẹsẹ̀ wọn kọ́ lágbà. Àwọn tó tètè kọ́ ọ ló pẹ́ lórí pápá. Ìwọ kò ní ohun púpọ̀ láti gbàgbé, ohun tó sì mú mi sọ pé àǹfààní rẹ wà níbẹ̀ nìyẹn.

Bí o ṣe máa fi kọ́ra rèé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan dúró ní ibi tí rẹfirí máa ń wà, kó máa ka ìka bí rẹfirí, láìlo ohùn, nítorí ariwo pápá kò ní jẹ́ kí o gbọ́ ohunkóhun lọ́jọ́ ìdíje. Jẹ́ kí ẹlòmíràn máa gbá bọ́ọ̀lù sókè wá fún ọ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí ẹsẹ̀ rẹ tó kan ilẹ̀ lẹ́yìn tí o bá mú un, kí ojú rẹ ti lọ sí apá kejì, níbi tí àwọn tó wá kọlù ọ́ ti fi àyè sílẹ̀. Sáré dé etí agbègbè pẹ́nárítì, kí o sì jù ú kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká rárá. Mi ò fẹ́ kí o sọ ọ́ dàṣà láti dúró de ìka ìkẹyìn, nítorí àsìkò òjò ni kámpù rẹ yóò bọ́ sí, bọ́ọ̀lù tó tutù máa ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Ṣe é ní òwúrọ̀ tí koríko ṣì tutù, kì í ṣe ní ọ̀sán gbígbẹ nìkan.

Ti akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò fẹ́ bọ́ọ̀lù gígùn ńkọ́? Kì í ṣe òfin IFAB, òfin ilé ni, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí o máa lò níbẹ̀, òun ló wúwo jù. Ó sì ní ìdí. Láti 2019, bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé gbé kalẹ̀ láti fi tún eré bẹ̀rẹ̀ (goal kick) kò ní láti jáde ní agbègbè pẹ́nárítì mọ́ kí ẹlẹ́yìn rẹ̀ tó gbà á, àwọn ẹgbẹ́ kejì sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìlà agbègbè náà títí yóò fi kúrò lẹ́sẹ̀. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń fa ọ̀tá wá sí ojú ilé ara wọn, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ níwájú. Aṣọ́lé tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì kò wúlò fún irú eré bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára tó. Bí ẹsẹ̀ òsì rẹ bá kú, òun ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í jí lónìí.

Ní ti pẹ́nárítì, apá kan lára ẹsẹ̀ rẹ kan gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà ojú ilé, tàbí ní ọ̀gangan rẹ̀, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá gbá a. Má sì fọwọ́ kan òpó tàbí àwọ̀n láti fi dà á rú fún ẹni tó fẹ́ gbá a. Jẹ́ kí ẹnì kan fi fóònù ya ẹsẹ̀ rẹ láti ẹ̀gbẹ́.

Àwọn ẹ̀gbọ́n tí o máa bá níbẹ̀, kí wọn dáadáa, bá wọn kó bọ́ọ̀lù, kí o sì máa béèrè bí ẹlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan ṣe ń fẹ́ kí a ju bọ́ọ̀lù sí òun. Wọn kì í sábà fi ìyẹn pamọ́, ó sì máa ń gba àsìkò púpọ̀ kí ènìyàn tó fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lórí pápá, tìrẹ ni kí o máa ṣe. Kò sí ọ̀yàyà níbẹ̀.

Ó ku ẹsẹ̀ gígùn tí Iléṣà mọ̀ ọ́ sí. Yóò ṣẹlẹ̀ nínú eré ìdánrawò pé ìka yóò ku méjì, tí wọ́n á sì ti dì mọ́ gbogbo ẹlẹ́yìn rẹ. Ṣé kọ́nà ni kóòṣì fẹ́, àbí bọ́ọ̀lù gígùn? Lẹ́yìn ìdánrawò ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, lọ bá a láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí o sì bi í léèrè.