Mo mọ iṣẹ́ káfíńtà: ṣé wọ́n á jẹ́ kí n bá wọn tún kóòṣì rélùwéè àtijọ́ ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà kí n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sikiọ́rítì báyìí. Mo mú àwọn ọmọ mi lọ wọ tréènì àtijọ́ Bluebell ní Sussex, mo sì gbọ́ pé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tún ọ̀pọ̀ nínú àwọn kóòṣì yẹn, ìyẹn ọkọ̀ tí èrò ń jókòó sí, ṣe. Ó wù mí kí n máa lọ ní Sátidé. Ṣé wọ́n á gbà mí, àbí ìgbálẹ̀ ni wọ́n á gbé lé mi lọ́wọ́? Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó lọ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, wọ́n á gbà ọ́, wọ́n á sì gbé ìgbálẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tí kì í gbálẹ̀ níbẹ̀, títí kan àwọn tó ti ṣe ọ̀gá ibòmíì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láti 1960 tí Bluebell ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, irú àwọn èèyàn báyìí ló gbé e dúró. Ibùdókọ̀ Horsted Keynes ni ṣọ́ọ̀bù kóòṣì wà. Ẹ́ńjìnì eléèédú ni wọ́n ń tún ṣe ní ibùdókọ̀ Sheffield Park, nítorí náà má ṣìnà.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á wúlò, àmọ́ ó lè má jẹ́ bí o ṣe rò ó. Nílé, bí ẹsẹ̀ àga bá jẹrà, a óò gé òmíràn. Nídìí kóòṣì, igi àtijọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń tọ́jú. Wo àwọn kóòṣì mẹ́rin ti Metropolitan, ilé iṣẹ́ rélùwéè Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Chesham: láàárín 1898 sí 1900 ni wọ́n kàn wọ́n, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń na ojú irin láti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Bí o bá fi igi tuntun rọ́pò gbogbo ara rẹ̀, kóòṣì tuntun lo kàn yẹn. Ibi tó ti jẹrà nìkan ni wàá gé kúrò, kí o sì gé e ní dídagun gígùn, kí ibi tí tuntun àti àtijọ́ ti pàdé lè fẹ̀ tó láti di ara wọn mú. Tíìkì ni kí o fi lé tíìkì, ọ̀gánwó lé ọ̀gánwó.

Ilẹ̀kùn ló máa kọ́ ọ níṣẹ́ jù. Ikán kì í dààmú wọn níbẹ̀. Omi ni ikán tiwọn. Gíláàsì ilẹ̀kùn kóòṣì a máa rọ̀ wọ inú ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, awọ gígùn kan ni èrò fi ń fà á sókè. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba ara gíláàsì sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó kàn án dá ihò kéékèèké sí ìdí ilẹ̀kùn kí omi lè jáde, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àti ọ̀dà ti dí i láti ọjọ́ pípẹ́. Lóde, ọ̀dà ń dán. Nínú, igi ìsàlẹ̀ ti rọ̀. Mú sukurudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́, kí o fi ẹnu rẹ̀ tẹ ìdí ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti wọlé láìjanpata, igi ibẹ̀ ti kú.

Má tíì gé e o. Ya fọ́tò rẹ̀, kọ nọ́ńbà sí i, kí o tó tú u. Ọwọ́ ni wọ́n fi rẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bá ojú ihò tirẹ̀ mu, ara kóòṣì sì ti tẹ̀ díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ilẹ̀kùn kẹta kò ní wọ ihò ìkẹrin láéláé.

Títú yìí ló sì máa ń sú àwọn káfíńtà tó yára lọ́wọ́. Ọ̀dà á ti bo orí sukúrù idẹ pátápátá. Ha ọ̀dà kúrò lójú rẹ̀, gbé áyọ̀nù tí wọ́n fi ń jó òjé lé e lórí títí á fi gbóná dáadáa, jẹ́ kó tutù díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o yí i. Bí o bá fi agbára yí i, orí rẹ̀ á bọ́, o óò sì fi ọjọ́ náà lu ihò.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò gba àwàdà. Òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́, nítorí náà má fi sáńpépà gbígbẹ ha á kí eruku máa fẹ́. Omi ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, ìbòmú sì gbọ́dọ̀ wà ní imú rẹ. Fọ ọwọ́ kí o tó mu tíì, má sì da aṣọ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ní ti àwọn kóòṣì Mark 1 tí British Railways bẹ̀rẹ̀ sí í kàn ní 1951, wọ́n fi asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, sí ọ̀pọ̀ nínú wọn lára. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ ló ń yọ ìyẹn. Bí o bá rí ohun tí kò yé ọ lẹ́yìn pátákó, fi í sílẹ̀ kí o pe ọ̀gá. Bákan náà ni bíréèkì àti ẹsẹ̀ kóòṣì: ẹni tí wọ́n ti dán wò ló ń fọwọ́ kàn án.

Wọn kì í sanwó. Irú ẹgbẹ́ báyìí sábà máa ń fẹ́ kí o kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́, kí o sì san owó díẹ̀ lọ́dún. Kóòṣì kan lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà bó bá jẹ́ pé ìdùnnú kí iṣẹ́ tètè parí ni o ń wá, kò sí níbẹ̀. Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ wọn, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún á sì ní kí o máa pe òun ní orúkọ. Ẹnu á kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Fi “Mr” sí i bí o bá fẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

(Bí o bá wálé, yà sí Jaekel House ní Ebute Metta, ilé òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún ṣe. Àwọn nǹkan rélùwéè ilẹ̀ wa wà níbẹ̀ tí wàá wò.)

Kọ̀wé sí wọn, kí o sì dárúkọ ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe gan-an: ráńdà, ayùn ọwọ́, fífi igi wọnú igi láìsí ìṣó. Béèrè bóyá o lè wá wò wọ́n ní Sátidé kan ná. Tréènì láti Victoria á gbé ọ dé East Grinstead, ibùdókọ̀ Bluebell sì wà nítòsí rẹ̀; ṣùgbọ́n nígbà òtútù tí tréènì tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, wá ẹni tó ní mọ́tò, torí ìgbèríko ni Horsted Keynes. Wọ bàtà tó ní irin lẹ́nu àti aṣọ tí kò ní dùn ọ́ bí ọ̀dà bá ta sí i.