Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Coupling wo ló yẹ ojú páìpù tó máa gbóná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Páìpù irin kan tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá ni mo ń yẹ̀ wò lórí Abaqus (software tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń ru ẹrù àti ooru). Ó gùn tó mítà 3, solid ni mesh rẹ̀ (àwọn ègé kéékèèké tí software pín in sí). Ògiri ló di orí rẹ̀ kan mú. Fáàfù tó wọn 100 kg ló wà ní orí kejì, àmọ́ mi ò ya fáàfù náà sí i. Mo fi Kinematic Coupling (ìsopọ̀ tó le gbagidi) so orí méjèèjì mọ́ Reference Point (ojú kan ṣoṣo tó dúró fún gbogbo ojú páìpù níbẹ̀), mo sì mú gbogbo ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà (ìrìn mẹ́ta, yíyí mẹ́ta). Nígbà tí mo gbé ooru rẹ̀ kúrò ní 30°C lọ sí 130°C, orí méjèèjì pọ́n, ìyẹn ni pé stress (agbára tó ń fa irin láti inú) ga níbẹ̀. Mo tún fi Encastre (dídì mú pátápátá) sí ojú páìpù lára ògiri kó lè dúró dáadáa, ni software bá ń kọ overconstraint (pé dídì ti pọ̀ jù). Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: O kú iṣẹ́, àbúrò mi. Pupa tí o rí yẹn kì í ṣe ti páìpù rárá. Bí o ṣe so ó ló dá a sílẹ̀.

Kinematic ń gba òmìnira lọ́wọ́ gbogbo nọ́ọ̀dù (ibi tí àwọn ègé mesh ti pàdé) tó wà lójú páìpù. Ibi tí Reference Point bá yà sí ni kí gbogbo wọn yà sí, kí àlàfo àárín wọn má sì yí padà. Bẹ́ẹ̀, irin tó bá gbóná gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ìwọ ṣírò rẹ̀ wò: irin ń fẹ̀ ní ìwọ̀n 0.000012 fún 1°C, modulus rẹ̀ (bó ṣe le tó) jẹ́ 200,000 MPa, ooru tí o fi kún un sì jẹ́ 100°C. Ọ̀pá irin tí a bá dì mú lórí méjèèjì, tí a wá mú kó gbóná tó bẹ́ẹ̀, á ní stress 240 MPa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹrù lé e. Irin A36 kì í ju 250 MPa lọ kó tó máa tẹ̀ láìpadà. Ìdí tó fi pọ́n nìyẹn.

Distributing, oríṣi Coupling kejì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpíndọ́gba ìrìn àwọn nọ́ọ̀dù náà ni Reference Point ń tẹ̀ lé, agbára tí o bá fi sí i á sì pín káàkiri wọn. Kò fi líle kankan kún iṣẹ́ náà, ojú páìpù lè wú, ó sì lè fún. Àwọn tó ń lo software Nastran mọ Kinematic sí RBE2, wọ́n sì mọ Distributing sí RBE3. Lórí software Ansys, Rigid (bíi Kinematic) tàbí Deformable (bíi Distributing) ni wàá yàn níbi Behavior.

Torí náà, Distributing ni kí o lò ní ọ̀dọ̀ fáàfù. Àwọn kan á sọ pé fáàfù le ju páìpù lọ, pé Kinematic ló tọ́. Òótọ́ ni pé ó le, àmọ́ omi kan náà ló ń mú òun náà gbóná, á sì fẹ̀ pẹ̀lú páìpù. Kinematic á ṣe bí ẹni pé fáàfù ṣì tutù. Gbé Reference Point sí àárín ìwúwo fáàfù gan-an, ká ní 400 mm sí ẹnu páìpù, kí o fi 981 N (100 kg × 9.81) sí i lọ sísàlẹ̀. O ò ní láti fi moment (agbára tó ń yí nǹkan) kankan sí i, jíjìnnà tó jìnnà ti ṣe é.

Ní ọ̀dọ̀ ògiri, fi Kinematic sílẹ̀, àmọ́ ṣe cylindrical CSYS (ìtọ́ka ọ̀nà tó yí páìpù ká) kan tí Z rẹ̀ gba àárín páìpù kọjá, fi ṣe CSYS Coupling náà, kí o wá yọ àmì U1 (ọ̀nà láti àárín sí ìta) kúrò. Ojú páìpù á lè fẹ̀ láti àárín jáde. Kò sì ní yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, torí U2 ṣì di í mú yípo.

Ti overconstraint kò le. Nọ́ọ̀dù kan kò lè gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá méjì. Coupling ti ní kó tẹ̀ lé Reference Point, Encastre tún ní kó má kúrò lójú kan. Yọ Encastre kúrò lójú páìpù, Reference Point nìkan ni kí o fi sí. Bí o bá fi Tie so ojú náà mọ́ nǹkan mìíràn, ìjà kan náà ni. Wo fáìlì .dat, ibẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ sí.

Kí o tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ ṣe ooru nìkan láìsí ẹrù. Stress gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo láti orí dé orí. Bí ibì kan bá ṣì pọ́n, Coupling ṣì ń di nǹkan mú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣe ẹrù nìkan láìfi ìwúwo páìpù kún un. Ní ọ̀dọ̀ ògiri, RF (agbára tí ògiri fi gbé ẹrù náà) yóò jẹ́ 981 N, RM (moment tí ògiri fi gbé e) yóò sì jẹ́ 981 × 3,400 (páìpù 3,000 mm àti 400 mm ti fáàfù), ìyẹn 3,335,400 N·mm. Abaqus kò mọ ìwọ̀n kankan fúnra rẹ̀, nítorí náà bí o bá ya páìpù ní mm, N àti MPa ni kí o máa bá a lọ.

Ti pé o rí nọ́ńbà tó tọ́ kò ní kí o gba stress etí Coupling gbọ́ o. Kúrò níbẹ̀ tó ìwọ̀n fífẹ̀ páìpù kan kí o tó ka ohunkóhun sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Saint-Venant ṣe kọ́ wa pé ipa bí a ṣe so nǹkan máa ń rọlẹ̀ bí a bá jìnnà sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé stress ibi tí fáàfù ti so mọ́ páìpù gan-an ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, kò sí Coupling tó lè fún ọ. Ya flange (etí irin tí a fi ń so fáàfù mọ́ páìpù) àti bóòtù rẹ̀.