Ìyá Oníkéèkì Dáhùn: Púdínì Ṣokoléètì Tí Kò Dé Orí Iná

Lẹ́tà tó wọlé lórí púdínì ṣokoléètì lóṣù yìí pọ̀ ju ti kéèkì ìgbéyàwó lọ. Kò yà mí lẹ́nu: gáàsì wọ́n, ooru mú, àwọn ọmọ sì wà nílé. Mo mú díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa áísìn kéèkì, ẹ ní sùúrù fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Oníkéèkì. Àwọn ìbejì mi ò ní jẹ́ ká kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù láì ra púdínì ṣokoléètì inú ike kékeré yẹn. Ó dùn jù, owó rẹ̀ náà ò sì kéré. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé píà lòun fi ń ṣe é nílé, láì dáná rárá. Píà kẹ̀! Ṣé kò ní máa rùn píà ni? Báwo la ṣe ń ṣe é? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kì í rùn píà, bí píà náà bá ti dẹ̀ dáadáa tí kòkó sì pé. Ẹni tó bá ní òun gbọ́ òórùn píà nínú tòun, kòkó ló ṣahun.

Púdínì tí wọ́n ń sè, páúdà àgbàdo ló ń mú un ki: wọ́n á po òun, wàrà àti ṣúgà, wọ́n á máa rò ó lórí iná títí yóò fi dì. Nínú tiwa, ọ̀rá inú píà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀rá náà kò sì nílò iná kó tó ki. Ọ̀rá tó dáa ni, ó fẹ́ bá ti òróró ólífì mu, ṣùgbọ́n ọ̀rá lọ̀rá ń jẹ́. Abọ́ kékeré ni kẹ́ ẹ máa fi bù ú fún àwọn ìbejì.

Fún abọ́ kékeré mẹ́rin, mo máa ń lo píà ńlá kan tí ẹran rẹ̀ á tó nǹkan bíi gíráàmù 300 lẹ́yìn tí mo bá ti yọ kóró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n débi pé èèpo rẹ̀ ti ń ní àmì dúdú, dàbínù mẹ́fà, ẹ̀tù kòkó ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tí mo fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, wàrà tútù tàbí oje àgbọn ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, fànílà ìdajì ṣíbí tíì, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè bù. Kò sí ṣúgà níbẹ̀ o. Dàbínù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń mú un dùn.

Ẹ yọ kóró dàbínù, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí yóò fi rọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ní Sábó, Ìbàdàn, ni mo ti ń ra tèmi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọn èyí tó ti gbẹ kanrangandan fún yín. Bẹ́ ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, èèpo rẹ̀ á ṣì máa há sí ọmọ léyín.

Ó wá ku kòkó, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kòkó àti omi tútù kì í rẹ́. Bẹ́ ẹ bá da ẹ̀tù rẹ̀ sínú bùléńdà bẹ́ẹ̀, á dì ní kóró-kóró, ẹ ó sì máa bá ẹ̀tù gbígbẹ pàdé lẹ́nu. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá fi omi gbígbóná ṣíbí mẹ́ta láti inú fúláàsì pò ó títí yóò fi máa dán. Omi gbígbóná yẹn ló tún ń tú òórùn ṣokoléètì sílẹ̀. (Ẹ má sọ pé mo tàn yín jẹ lórí ọ̀rọ̀ àìdáná. Omi tó ṣẹ́ kù nínú fúláàsì àárọ̀ ti tó.)

Dàbínù àti wàrà nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ̀, kó kúnná. Lẹ́yìn náà lẹ ó da gbogbo ìyókù lé e. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ fi ṣíbí ha ara bùléńdà, ẹ tún lọ̀ ọ́, títí tí àwọ̀ ewé á fi pòórá. Ẹ má yọ iyọ̀ kúrò, òun ló ń dá ìkorò kòkó lẹ́kun. Bẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò, kó dùn díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ, torí bó bá tutù, ahọ́n ò ní gbọ́ adùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ bù ú sínú abọ́, kí ẹ tẹ́ nylon mọ́ ojú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà ráàyè mú un dúdú, kó wà nínú fìríìjì fún wákàtí méjì. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó tán. Bí iná NEPA bá lọ tí fìríìjì sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ̀rọ̀ lórí píà, torí bí píà kò bá dára, kò sí kòkó tó lè tún un ṣe. Píà kì í dẹ̀ lórí igi. Ìgbà tí wọ́n bá ti já a ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ra èyí tó le, ẹ rì í sínú gààrí tàbí ìrẹsì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan. Atẹ́gùn tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń mú un yá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lápá ibi tó ti so mọ́ igi: bí ibẹ̀ bá dẹ̀ lábẹ́ ìka, ó ti tó. Èyí tí okùn dúdú bá wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn adìyẹ… rárá o, ẹ má fún adìyẹ, píà kì í bá ẹyẹ lára mu. Ẹ kó o dànù.

Ẹ n lẹ́ mà. Alhájì mi ní àtọ̀gbẹ. Mo rò pé kí n fi oyin rọ́pò dàbínù, torí oyin kì í ṣe ṣúgà. Ọmọ wa obìnrin náà fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ tọ́ wò níbẹ̀. — Ìyá Àlàájà, Ìlọrin

Ìyá Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oyin yẹn padà sórí pẹpẹ. Ti ọmọ ọwọ́ ni kí n kọ́kọ́ sọ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ tọ́ oyin wò, ì báà ṣe orí ìka. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Clostridium botulinum lè wà nínú oyin. Inú àgbàlagbà lágbára láti kápá rẹ̀. Inú ọmọ ọwọ́ kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀, májèlé rẹ̀ sì lè mú kí ara ọmọ rọ jọwọrọ, kí mímí dogun. Píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ti tó o, láì sí kòkó níbẹ̀.

Ní ti Alhájì, ṣúgà ni oyin. Bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló jẹ́ ṣúgà, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 2015, ka oyin mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù, wọ́n sì ní bó bá ṣeé ṣe, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ má kọjá nǹkan bíi gíráàmù 25 lóòjọ́ fún àgbàlagbà. Ṣíbí ìjẹun oyin kan ti gba gíráàmù 17 níbẹ̀. Dàbínù náà kún fún ṣúgà, àmọ́ ó ní fáíbà tirẹ̀. Fún Alhájì, ẹ yọ dàbínù kúrò pátápátá, kí ẹ lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdajì, kí ẹ fi fànílà kún un. Á korò díẹ̀, àgbàlagbà sì mọ kòkó tó korò í jẹ. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó jẹ ẹ́ àti lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ ó mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbà á. Bí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ní ìṣòro, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fún un rárá, torí potasíọ̀mù pọ̀ nínú píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ ìyá wa. Mo rí iye tí wọ́n ń ta ẹ̀tù kòkó, mo pariwo. Bàbá mi ní kòkó gbígbẹ nínú àpò nílé. Ṣé mi ò lè lọ tiwa ni? — Ọmọ Àgbẹ̀, Ilé Olújì

Nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, tìrẹ ló mú inú mi dùn jù. Má dá ọlọ́jà lẹ́bi lórí iye rẹ̀: ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé, kòkó tó jẹ́ pé láàárín $2,000 sí $3,000 ló ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òjò, àrùn àti igi tó ti gbó ní Ghana àti Côte d'Ivoire ló dá ọ̀wọ́n sílẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kòkó yìí ti wà lọ́wọ́ wa láti nǹkan bí 1880, nígbà tí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ J.P.L. Davies gbìn ín sí oko rẹ̀ létí Èkó. Bí mo bá lọ ra fúláwà ní Dùgbẹ̀, mo máa ń gbójú sókè wo Cocoa House, àjà 26 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n parí ní 1965. Síbẹ̀, inú agolo tó kún fún ṣúgà ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ adùn kòkó.

O lè lọ̀ ọ́, àmọ́ kò ní di ẹ̀tù. Ọ̀rá ló kó bí ìdajì kóró kòkó, nítorí náà bó o bá ń lọ̀ ọ́, á rọ̀, á máa yọ̀, á máa dán bí ẹ̀pà lílọ̀. Kó tó di ẹ̀tù, ẹ̀rọ ńlá ló ń fún ọ̀rá náà jáde, wọ́n á wá lọ èyí tó gbẹ kù. Ará Netherlands tó ń jẹ́ van Houten ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1828. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sì wà ní ìlú yín níbẹ̀. Kòkó lílọ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ náà ṣeé fi ṣe púdínì, kódà mo fẹ́ràn òórùn rẹ̀ jù.

Kóró tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí wọ́n tó sá a ni kó o mú. La ọ̀kan wò: bí inú rẹ̀ bá pupa ràkọ̀ràkọ̀, ó dára, bó bá ní àwọ̀ eérú, wọn ò bò ó tó, kò ní fún ọ ní òórùn ṣokoléètì bó ti wù kó o yan án tó. Má lo èyí tí wọ́n sá sójú títì ọlọ́dà, tàbí èyí tí wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò sí nínú sítọ́ọ̀. Bi bàbá léèrè dáadáa. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n ṣe fún títà.

Yan án nínú agbada gbígbẹ lórí iná kékeré, máa rò ó, títí èèpo rẹ̀ á fi máa ta, tí òórùn á sì gba ilé. Bó bá tutù, bó o, kó o fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata o! Ata rodo kì í tán lára ẹ̀rọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ẹ̀pà ni kó o lọ, bí kò bá ti sí ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu nílé yín, kó o ní kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣíbí mẹ́ta rẹ̀ á dípò ẹ̀tù ṣíbí mẹ́rin. Omi gbígbóná tó o máa fi pò ó kò gbọ́dọ̀ kéré sí i: omi díẹ̀ á mú un dì gbagidi, àfi kó o fi ṣíbí mẹ́rin sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rá rẹ̀ á le nínú fìríìjì, nítorí náà gbé púdínì jáde síwájú àkókò tẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́.

Ẹ kú ilé o. Píà tí mò ń rà níbí kéré, èèpo rẹ̀ dúdú, púdínì mi sì ki bí àmọ̀. Ṣé tófù, wàrà dídì tí wọ́n fi ẹ̀wà soyà ṣe yẹn, kò ní dáa jù? — Ìyá Tèmi, Peckham, London

Irú píà tí wọ́n ń pè ní Hass lẹ̀ ń rà. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ju ti ńlá eléèpo ewé tiwa, omi rẹ̀ sì kéré. Ẹ lo méjì, kí ẹ sọ wàrà di ṣíbí mẹ́fà. Tófù náà dára, àfi kó jẹ́ èyí tó rọ̀ tó ń gbọ̀n nínú páálí. Èyí tó le bíi wàrà soyà tiwa á máa dà bí iyanrìn lẹ́nu. Tí ẹ bá lo tófù, ẹ dín wàrà kù.

Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Akọkà. Kò sí bùléńdà, kò sí fìríìjì. Ṣé mo lè fi Bournvita tàbí Milo ṣe é? — Ebi Ń Pa Mí

Ọmọ mi, o lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n béèrè níbí. Ṣúgà àti mọ́ọ̀tì wà nínú àwọn méjèèjì pẹ̀lú kòkó. Yí agolo padà, ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ju kòkó nìkan lọ, ohun mímu ni. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà kéèkì, ní kí wọ́n wọn ẹ̀tù kòkó díẹ̀ fún ọ sínú nylon. Fi fọ́ọ̀kì gún ìdajì píà tó dẹ̀ gan-an pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, po ṣíbí kòkó méjì mọ́ omi gbígbóná, rò ó pọ̀ mọ́ iyọ̀ díẹ̀. Kò ní kúnná bí ti bùléńdà. Jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, má fi pamọ́ di alẹ́, kó o sì tètè fọ abọ́ náà, torí píà tó bá gbẹ mọ́ ara abọ́ kì í tètè ṣí.