Ṣé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ mọ adùn oyin tí a fi ń wúre fún un?

Bàbá ọmọ tuntun kan ní Ìlọrin ló béèrè. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán, fẹ́ kí wọ́n fi oyin, iyọ̀, orógbó àti ataare kan ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìkómọ. Àwọn àna rẹ̀ ní Ìlọrin ní dàbínù nìkan ni àáfà máa fi kàn án. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí wá ní wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ ní oyin rárá. Bàbá ọmọ wá fẹ́ mọ ìtumọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu.

Ẹ kú oríire, ẹ sì kú ewu ọmọ. Ọlọ́hun á wò ó, á dá a sí. Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn: ọmọ yín mọ adùn, ó mọ ikorò, àmọ́ iyọ̀ ò tíì já mọ́ nǹkan kan lórí ahọ́n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yín ló sì jàre lórí ọ̀rọ̀ oyin. Ẹ ṣì lè ṣe àṣà ìyá yín pé pérépéré.

Tí ẹ bá fetí sí àgbà tó ń wúre, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí àwọn nǹkan inú àwo yẹn ń gbà ṣiṣẹ́ kò dọ́gba. Orúkọ ni orógbó àti obì fi ń sọ̀rọ̀: orógbó ní kí ọmọ gbó, kó tọ́, obì ní kó bi ikú, kó bi àrùn. Etí la fi ń gba tiwọn. Ti ataare, ojú ni: wọ́n á là á, gbogbo ilé á rí bí hóró ṣe kún inú ẹyọ kan ṣoṣo fọ́fọ́, wọ́n á ní kí ilé ọmọ kún bẹ́ẹ̀. Oyin, iyọ̀ àti ìrèké ló wá kọjá tààrà sórí ahọ́n. "Oyin kì í korò, ayé rẹ ò ní korò." "Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, ìwọ lo máa mú ayé àwọn òbí rẹ dùn." Adùn yẹn ti wà lẹ́nu ẹni tó ń ṣe àmín kó tó ṣe àmín. Ohun tó jẹ́ kí àṣà yìí wù mí jù lọ nìyẹn, pé wọn ò fi àdúrà mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, kò dúró dìgbà tí wọ́n bí i kó tó máa tọ́wò. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ oyún ni kókó ìtọ́wò ti ń yọ lórí ahọ́n. Tó bá yá, á máa gbé omi tó yí i ká nínú ilé ọmọ mì, ohun tí ìyá rẹ̀ sì jẹ máa ń dé inú omi náà. Ní 2001, Julie Mennella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn aboyún kan máa mu omi kárọ́ọ̀tì ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, wọn kì í fajú ro sí oúnjẹ tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì pò bí àwọn ọmọ tí ìyá wọn mu omi lásán ṣe ń fajú ro sí i.

Kí ó tó dìgbà yẹn, ní àwọn ọdún 1970, olùwádìí kan, Jacob Steiner, ní Jerúsálẹ́mù ti kán omi oríṣiríṣi sẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí wọ́n tó fọmú kàn wọ́n lẹ́nu rárá. Tó bá dùn, ojú ọmọ á tú ká, á máa lá ètè, á máa fà á. Tó bá kan, á sún ẹnu jọ. Tó bá korò, á ya ẹnu, á yọ ahọ́n síta, á máa ti nǹkan náà jáde. Ìyá àgbà tó bá ti fi orógbó kan ọmọ lẹ́nu rí mọ ojú yẹn dáadáa. Iyọ̀ ní tirẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ọmọ tó fi hàn pé òun fẹ́ omi oníyọ̀ ju omi lásán lọ. Àwa àgbà là ń bá a tọ́ iyọ̀ ìkómọ wò.

Ìdí tí adùn fi tètè yé e ni pé ọmú ìyá dùn. Ikorò ń kìlọ̀ ní tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ohun olóró inú ewé àti èso ló máa ń korò. Oríṣi ohun kan ṣoṣo ló ń gba adùn mọ́ra lórí ahọ́n ènìyàn, oríṣi àwọn tó ń ṣọ́ ikorò tó nǹkan bí 25. Itọ́ á yọ́ oyin wọ inú kókó ìtọ́wò, sẹ́ẹ̀lì tó bá a mu á ta iṣan lólobó, iṣan á gbé e lọ sí ọpọlọ. Ọpọlọ ló ń sọ pé ó dùn. (Kò sì sí òótọ́ nínú àwòrán ahọ́n tí wọ́n ń yà fún wa níléèwé, pé iwájú ni adùn wà, ẹ̀yìn ni ikorò. Ibi tí kókó ìtọ́wò bá ti wà, ó ń mọ gbogbo rẹ̀.)

Àmọ́ ahọ́n nìkan ò lè dá oyin mọ̀. Tí àwo bá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ náà, ẹ fìka méjì dí imú kí ẹ tó fi oyin sẹ́nu. Ẹ ó mọ̀ pé ó dùn, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní ṣúgà ni wọ́n pò, ẹ ò ní lè bá a jiyàn. Ẹ wá tú imú sílẹ̀: òórùn òdòdó á gba ọ̀fun gòkè sí imú, oyin á sì di oyin. Nǹkan bí 400 oríṣi ohun tó ń gba òórùn mọ́ra ló wà nínú imú ènìyàn. Linda Buck àti Richard Axel, tí wọ́n tú àṣírí wọn ní 1991, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Òórùn sì tètè ń dé ibi tí ọpọlọ ti ń ṣe ìrántí. Àgbàlagbà lè gbọ́ òórùn ataare tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kí ìkómọ àkọ́bí rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn.

Ataare ò tiẹ̀ sí lára ìtọ́wò. Iṣan tó ń mọ ìgbóná àti ìrora ló ń jí. David Julius ló rí ohun tó ń gba ata mọ́ra nínú iṣan yìí, ohun náà ló sì ń mọ ooru tó bá lé ní ìwọ̀n 43 Celsius. Òun àti Ardem Patapoutian ni wọ́n jọ gba Nobel ní 2021. Iná ni ọpọlọ ọmọ á rò pé ó kan òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kàn án. Ẹni tó ń wúre ni kó jẹ ẹ́, kí àṣẹ lè wà lẹ́nu rẹ̀.

Dàbínù àwọn àna yín kì í bá oyin ìyá yín jà. Nígbà tí Asmau ọmọ Abubakar bí Abdullahi ní Kuba lẹ́bàá Mẹ̀dínà lẹ́yìn hijira, Ànábì, ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a, rún dàbínù, ó fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Sunna yẹn ni àáfà ń tẹ̀lé tó bá fi dàbínù pa àjà ẹnu ọmọ. Adùn náà ni ilé méjèèjì yàn. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ṣáájú, kí dàbínù kúnná, kó kéré, kí ọwọ́ sì mọ́.

Oyin ló léwu. Kòkòrò àìfojúrí kan, Clostridium botulinum, lè sùn sínú rẹ̀ bí irúgbìn. Ìfun àgbà kì í jẹ́ kó hù. Ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè gbà á láyè, á máa tú májèlé tó ń sọ ara ọmọ di jọ́bọ́jọ́bọ́. Kódà kó jẹ́ ojúlówó oyin, kódà kí wọ́n gbé e kaná, ewu náà wà. Àjọ ìlera àgbáyé tiẹ̀ ní ọmú nìkan ni fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi; iyọ̀ sì wúwo fún kíndìnrín ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí ìyá yín gbé àwo náà. Kí wọ́n pe orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan sí ọmọ létí, nítorí etí ti ń ṣiṣẹ́ láti inú oyún. Kí wọ́n wá fi kan ìyá ọmọ lẹ́nu, kó kan ẹ̀yin náà, kó yí ilé po. Ní ọ̀pọ̀ ilé báyìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, àwọn àgbà ò sì sọ pé orúkọ ọmọ ò mọ́ ọn lára.

Tí ẹnikẹ́ni bá ti fi oyin kan án lẹ́nu kí ẹ tó ka èyí, ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ sáà máa wò ó fún bí oṣù kan. Bí kò bá lè yàgbẹ́, bí igbe rẹ̀ bá rẹlẹ̀, bí kò bá lè fa ọmú dáadáa, bí ọrùn rẹ̀ bá rọ̀ tàbí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ti jẹ oyin.