CB750 tàbí Z1? Wo nọ́ńbà ara irin ná

Àbúrò, o ní o rí maṣíìnì tòkunbọ̀ méjì, Honda CB750 ti 1974 àti Kawasaki Z1 ti 1973, pé owó kan náà ni wọ́n ń pè lórí méjèèjì, o sì fẹ́ mọ èyí tí wàá rà, tí wàá máa gùn láti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lópin ọ̀sẹ̀. CB750 ni èmi ń gùn, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ mi tú Z1 tiẹ̀ palẹ̀ rí. Ẹ́ńjìnì méjèèjì dára. 1969 ni Honda gbé tirẹ̀ jáde, ẹ́ńjìnì 736 cc, sílíńdà mẹ́rin, bíréèkì dísíìkì níwájú. Kawasaki ń ṣe ẹ́ńjìnì 750 cc tiwọn lọ́wọ́ nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe rí ti Honda, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ di 903 cc, ó jáde ní 1972. Agbára ẹṣin 82 ni tiwọn, ti Honda ò ju 67 lọ. Tó bá jẹ́ eré nìkan lo ń wá, Z1 ni.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ni.

Wọ́n dá mi dúró ní ọ̀nà Ọ̀yọ́. Pátíkúlà mi pé. Ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lára nọ́ńbà tó wà lọ́rùn fírémù, ó kà á, ó ka ti ẹ́ńjìnì, ó ní wọn ò bára mu, maṣíìnì jíjí ni. Mo ní, "Ọ̀gá, bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. CB750 ló ṣáájú ti fírémù, CB750E ló ṣáájú ti ẹ́ńjìnì, òǹkà tó tẹ̀ lé e kì í sì í ṣe ọ̀kan náà." Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun. Kawasaki náà ò yàtọ̀ o: Z1F ni fírémù, Z1E ni ẹ́ńjìnì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa yẹ maṣíìnì wò ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀!

Wọ́n wọ́ maṣíìnì mi lọ sí ọgbà wọn. Wọ́n ní onímọ̀ kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Onímọ̀ dé, kò ju kó yí i ká lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nọ́ńbà ò bára mu. Mo lọ títí, lónìí ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, lọ́la kí n lọ ṣe fọ́tòkọ́pì wá, lọ́túnla fọ́tòkọ́pì ò hàn dáadáa. Àsìkò òjò ni. Ẹnì kan ti ṣí ọmọrí tánkì wò, kò dé e padà. Ojoojúmọ́ tí òjò bá ń rọ̀ ni ọkàn mi ń bẹ lọ́dọ̀ irin yẹn. Ìwé tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní Amẹ́ríkà fi tà á ló gbà mí. Nọ́ńbà méjèèjì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Ìpẹtà ti mu inú tánkì. Epo tó wà nínú kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di oje. Mo gbé e fún ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní mẹkáníìkì pawa báìkì. Ó já ẹyọ kan lára wáyà bíréèkì, ó ń fi gún jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, àbúrò! Ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, tí irin líle bá ti wọ̀ ọ́, ó ti gbòòrò nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni pílọ́ọ̀gì kan ti ń dúdú tí èkejì ń funfun, títí mo fi ra jẹ́ẹ̀tì tuntun láti òkè òkun. Òògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń ṣí i. Ẹni tó bá mú wáyà, gba ẹrù rẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà tí o bá débẹ̀, tan iná wo inú tánkì. Kí wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnì lójú rẹ nígbà tó ṣì tutù, kí o wọ́n omi díẹ̀ sára páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí omi ò bá gbẹ lára rẹ̀, sílíńdà yẹn ò jó. Ọ́ìlì CB750 ní tánkì tirẹ̀ lábẹ́ ìbòrí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Tó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ọ́ìlì lè ti ṣàn wọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì á wá gbẹ bíi pé kò sí ọ́ìlì rárá. Kó gbóná ná kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ má kàn máa bu kún un.

Táyà ńkọ́? Ínṣì 19 níwájú, ínṣì 18 lẹ́yìn, maṣíìnì méjèèjì bákan náà. Ka nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn ara rẹ̀: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní 2015. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ni, ó ti wà ṣáájú 2000, má gùn ún dé Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín tírélà ọ̀nà yẹn. Ṣéènì ọ̀kadà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 428, má gbà kí wọ́n fi dọ́gbọ́n sí i. 530 ni Honda ń lò.

Èwo ni kí o rà? Ìdí tí mo fi máa mú Honda ni pé sípánà àti fílà géèjì, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ti tó láti tún àlàfo fáàfù tí wọ́n ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, mìlímítà 0.05 fún ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, 0.08 fún ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ti Z1, ṣíìmù ni, pẹlẹbẹ irin tó nípọn níwọ̀n-níwọ̀n, o ò sì ní rí i rà ní Tákíẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, tí ìwé Z1 bá pé tí ti Honda ò pé, Z1 ni kí o mú.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Lọ́jà àgbáyé, Z1 wọ́n ju CB750 lọ. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní iye kan náà? Fi ìka wá nọ́ńbà ọrùn fírémù rẹ̀ kiri. Bí ara irin ibẹ̀ bá ń dán bíi pé wọ́n ti fi fáìlì ha á, má rà á. Tí ẹni tó ń tà á bá sì ní ìwé wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun l'Ékòó, pé kí o kọ́kọ́ sanwó, máa lọ sílé rẹ.