Èsì: Kíkó ọmọ lọ sí Galiwin'ku

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ ní wọ́n fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ lọ máa wa bàálù fún iṣẹ́ Olúwa ní Arnhem Land, lápá àríwá Ọsirélíà, ẹ wá ń bèèrè bóyá ọmọdé lè gbé Galiwin'ku. Wọ́n lè gbé e dáadáa. Èmi náà tọ́mọ níbẹ̀.

Ìlú kan lórí erékùṣù Elcho ni. Ó lé ní 500 kìlómítà sí ìlú Darwin, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọjà wá, nítorí náà ẹ̀fọ́ àti èso wọ́n. Lásìkò òjò, láti bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin, omi a máa bo ọ̀nà àwọn abúlé òkè odò. Bàálù kékeré nìkan ló kù fún aláìsàn àti olùkọ́. Ìjì lè dá ọkọ yín dúró sọ́nà mọ́jú. Àwọn ọmọ mi kì í wo aago. Ìró ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tẹ́tí sí, wọ́n á sáré jáde láìwọ bàtà.

Harold Shepherdson, míṣọ́nnárì tó dá ibùdó tó di Galiwin'ku sílẹ̀ lọ́dún 1942, fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù, ó sì ń fi bẹ àwọn èèyàn wò.

Àwọn Yolŋu, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, yóò sọ yín di ẹbí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ayé sí, Dhuwa àti Yirritja, ọmọ Dhuwa kì í sì í fẹ́ Dhuwa. Ìyá àgbà kan fà mí jókòó lórí ẹní, ó fi ìka tọ́ka sí èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí, àna rẹ nìyẹn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ẹ má dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìbejì wẹ̀ lókun: ọ̀nì wà níbẹ̀.